Màmá Jẹ́-Kó-Ṣe-É, Olùkọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Wọ́ọ̀dù

A bí Màmá wa ní ọdún 1938, nínú ilé oníyàrá mẹ́fà kan lẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn ńlá, lójú ọ̀nà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Bàbá wọn ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé náà. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn, aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ń fọ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá wọn. Ìran tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n, irin ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ìdílé ìyá wọn ni ẹnu wà, ẹnu tó mú bí abẹ. Màmá mú ọwọ́ lọ́dọ̀ bàbá, wọ́n mú ẹnu lọ́dọ̀ ìyá, wọn ò sì dá ọ̀kankan padà títí wọ́n fi lọ.

Orúkọ wọn gangan wà lára èèpo ìwé ètò ìsìnkú tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Àmọ́ bí ẹ bá fi orúkọ yẹn béèrè wọn ládùúgbò, àwọn ènìyàn á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá Jẹ́-Kó-Ṣe-É ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ilé ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wọn ọkùnrin tó tẹ̀lé wọn ń kólòlò nígbà tó wà ní kékeré. Bó bá ti la ẹnu pé òun fẹ́ mu o-o-o, wọ́n á ti gbé omi fún un. Àánú ni wọ́n pè é. Màmá, tí wọn ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, á lọ dúró síwájú ìkòkò omi, wọ́n á na apá méjèèjì, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́! Ẹ jẹ́ kó ṣe é fúnra ẹ̀!"

Ìyá wọn á ní, "Òùngbẹ á ti gbẹ ọmọ ọlọ́mọ pa kó tó sọ ọ́ tán."

"Kò ní gbẹ ẹ́ pa."

Kò sì gbẹ ẹ́ pa. Àbúrò náà ti di bàbá, wọ́n jókòó síwájú lọ́hùn-ún lónìí. Iṣẹ́ lílu ẹrù ní gbàǹjo ni wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn ṣe. Ẹni tó bá ti dúró níwájú wọn rí lọ́jọ́ gbàǹjo mọ̀ pé láti ìgbà tí Màmá ti là wọ́n lẹ́nu, a ò tíì rí ẹni tó lè pa á dé.

Ọdún 1945 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ọdún 1955. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí wọn tí wọn ò gbàgbé. Olùkọ́ wọn fẹ́ràn kí wọ́n máa há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí, Màmá sì mọ̀ ọ́n há ju gbogbo kíláàsì lọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tuntun kan tí kò gbọ́ èdè wa gbé àga rẹ̀ lé Màmá lẹ́sẹ̀ láìmọ̀, ó sì jókòó lé e. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Màmá wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ní kó dìde. Wọ́n rántí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ńláńlá, wọ́n rántí orúkọ àwọn ẹranko tí wọn ò rí rí. Wọn ò rántí bí wọ́n ṣe máa sọ pé "jẹ́ n yọ ẹsẹ̀ mi." Wọ́n fi ara da ìrora náà títí agogo fi lù. Èékánná kan re lọ́jọ́ náà. Wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yẹn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, wọ́n á ní, "Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì orí àga ṣe fún mi nìyí."

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní ọdún 1958, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n tún ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbọ̀ngàn náà ni wọ́n ti pàdé ọkọ wọn. Oníná ni Bàbá wa, àwọn ló ń tún iná ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì. Gílóòbù tó wà lókè tábìlì Màmá kàn ṣáà ń bàjẹ́ ni, Bàbá á sì gbé àkàbà dé. Nígbà tí ó pẹ́, Màmá gbé ojú sókè wò wọ́n.

"Ọ̀gbẹ́ni, gílóòbù yìí kú lánàá, ẹ jí i. Ó tún kú lónìí. Ṣé àkúdàáyà ni?"

Bàbá ní wáyà ni ò dáa.

"Tó bá jẹ́ èmi lẹ wá wò, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí gílóòbù sinmi."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1961. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n jọ gbé títí Bàbá fi sùn ní ọdún 2004, iná ilé wọn ò sì bàjẹ́ rí.

Ní ọdún 1971, ilé ìwòsàn ńlá ń wá olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ní Gẹ̀ẹ́sì: àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, àwọn tó ń wẹ aláìsàn, àwọn tó ń tẹ́ ibùsùn, àti àwọn alágbàfọ̀. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn dókítà ti wá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni gbogbo wọn jọ ń sọ. Màmá gba iṣẹ́ náà. Yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ni wọ́n fún wọn, nítorí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni áyọ́ọ̀nù máa ń sinmi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe kíláàsì. Ooru ibẹ̀ pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, bí wọ́n bá fi lè jókòó, wọ́n á sùn lọ. Màmá ní kí wọ́n kó àga jáde.

Kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí Màmá ṣe, ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí lójoojúmọ́. "Help her sit up." "Don't let him drink." "Make her walk." "I want him to sleep." Ọ̀rọ̀ kéékèèké ni. Àmọ́ ẹni mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: dókítà tó sọ ọ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ, àti aláìsàn tó máa jókòó, tàbí tí kò gbọdọ̀ mu omi, tàbí tó máa rìn. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣi ọ̀kan mú, aláìsàn ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Nítorí náà ẹni mẹ́ta ni Màmá máa ń ní kó dúró. Ẹnì kan á ṣe dókítà, ẹnì kan á ṣe òṣìṣẹ́, ẹnì kan á ṣe aláìsàn. Dókítà á ní, "I want." Bó bá ti dé orí "him," òṣìṣẹ́ á di aláìsàn mú lápá aṣọ. Bó bá dé orí "to," aláìsàn á gbé ìṣísẹ̀ kan. Bó bá dé orí "sleep," á gbé orí lé tábìlì ìlọṣọ. Màmá ní "want" àti "tell" jìnnà sí iṣẹ́, ó di kéèyàn rìn kó tó débẹ̀. "Let" àti "make" kò ní sùúrù ní tiwọn, ojú ibi tí aláìsàn bá wà ló ti máa ṣe é, kò sí ìṣísẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé "I want he sleep," nítorí nílé wọn, "mo fẹ́ kí ó sùn" ni wọ́n ń sọ. Màmá kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ilé yín lẹ ti mú un wá, kò sì burú nílé yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ yín. Ẹni tí ẹ di aṣọ ẹ̀ mú kì í ṣe 'he' mọ́. 'He' ń dá rìn kiri. 'Him' ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má jù ú sílẹ̀."

Àwọn alágbàfọ̀ tí kò tíì darapọ̀ á wá yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ wá wòran o! Tíṣà ń kọ́ wọn níjó!" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá wòran ló padà wọlé wá jó. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn fún ẹlòmíràn, Màmá á gbé ìka sókè, á ní jẹ́ kó ṣe é. Bí orúkọ náà ṣe tẹ̀ lé wọn láti ilé dé ibi iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun kan wà tí Màmá ń ṣe tí wọn ò fura sí. Bí wọ́n bá ń to ẹni mẹ́ta, ẹni tó dàgbà jù ni wọ́n máa ń fi ṣe dókítà, ẹni tó kéré jù ni wọ́n máa ń fi ṣe aláìsàn. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lójú gbogbo wọn, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ta ni yóò ní kí ọmọdé máa pàṣẹ fún àgbà?

Ọdún 1974 ni àṣìṣe yìí jáde. Ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kẹ̀kẹ́, nítorí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni wọ́n ń tì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n tó ẹni àádọ́ta ọdún, ọmọ wọn márùn-ún ló sì ń jẹun lórí iṣẹ́ náà. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá arúgbó kan. Dókítà wo Bàbá Kẹ̀kẹ́, ó ní, "Don't let her get up," ó sì jáde. Kò pẹ́, ìyá arúgbó ju aṣọ ìbora sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́ lọ wo ìta. Bàbá Kẹ̀kẹ́ ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Ìyá arúgbó wò wọ́n láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo máa ní kí n má dìde? Mo bí ìyá ẹ o!"

Bàbá Kẹ̀kẹ́ ní, "Ẹ má bínú, Mà," wọ́n sì sún sẹ́yìn. Ìyá arúgbó dìde, ẹsẹ̀ kò gbà wọ́n, wọ́n ṣubú, egungun itan wọn sì ṣẹ́.

Inú gbogbo ilé ìwòsàn bàjẹ́. Ọ̀gá Àgbà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì ń wá ẹni tí ẹ̀bi náà máa já lé. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọdún mẹ́ta tí Màmá fi ń kọ́ wọn, ijó lásán ni. Wọ́n ní àwọn yóò dán gbogbo wọn wò ní ìparí oṣù. Ẹni tí kò bá yege yóò lọ sílé, kíláàsì náà yóò sì parí. Ní ti Bàbá Kẹ̀kẹ́, Ọ̀gá Àgbà ní àfi kí wọ́n yege láìkù síbì kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Màmá dúró níwájú Bàbá Kẹ̀kẹ́ nínú yàrá ìlọṣọ.

"Bàbá, kí ni dókítà sọ fún yín?"

"Wọ́n ní n má jẹ́ kí wọ́n dìde, Mà."

"Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Bàbá Kẹ̀kẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ nígbà náà?"

"Mo gbọ́ ọ, Mà."

"Kí ló wá dé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde?"

Bàbá Kẹ̀kẹ́ wo ilẹ̀. "Mà, àgbà ni wọ́n."

Màmá jókòó sórí òkìtì aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn rí Màmá tí wọ́n jókòó ní kíláàsì. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló bi ìyá arúgbó ṣubú. Ọ̀wọ̀ ni. Màmá fúnra wọn ni wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ènìyàn yìí fún ọdún mẹ́ta pé àgbà ló ń pàṣẹ, ọmọdé ló ń sùn. Màmá sọ ọ́ jáde lójú gbogbo kíláàsì: "Èmi ni mo tò yín sí bí kò ṣe yẹ. Ẹ dìde. Ọmọ tó kéré jù níbí dà?"

Ọmọbìnrin alágbàfọ̀ kan ni, wọ́n ń pè é ní Kékeré. Màmá ní kí ọmọ náà ṣe òṣìṣẹ́, kí Bàbá Kẹ̀kẹ́ ṣe aláìsàn. Wọ́n ní kí Kékeré má jẹ́ kí Bàbá Kẹ̀kẹ́ dìde. Kékeré wò wọ́n, ojú tì í, ó sì kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu.

"Dìde ńbẹ̀!" ni Màmá wí. "Kí o tó kúnlẹ̀ tán, aláìsàn á ti bá ẹ nílẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Ara gbogbo wọn balẹ̀ díẹ̀. Màmá wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà mọ̀ títí di òní: "Ẹ fi ẹnu bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ má fi ọwọ́ bọ̀wọ̀. Ẹ pè wọ́n ní Màmá, ẹ pè wọ́n ní Bàbá, ẹ pè wọ́n ní ọba tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ yín má kúrò léjìká wọn."

Gbogbo oṣù náà, ọmọdé ló ń di àgbà mú. Ó le fún wọn. Ọkùnrin kan bínú jáde, ó ní òun ò lè wà níbẹ̀ kí ọmọ àná máa ní kí òun sùn. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á padà wá. Bàbá Kẹ̀kẹ́ ló le fún jù. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ lé ẹni tó jù wọ́n lọ léjìká, wọ́n á tún yára gbé e kúrò. Wọ́n sọ fún Màmá pé bóyá kí àwọn kúkú máa lọ sílé. Màmá ní, "Ẹ lọ sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé yín. Wọn ò tíì lé yín."

Ọjọ́ ìdánwò dé. Wọ́ọ̀dù tó ṣófo ni wọ́n lò. Ọ̀gá Àgbà, dókítà kan àti Mátíróònù ló wá. Màmá ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi àwọn ènìyàn yìí jókòó sórí àga bi wọ́n ní ìbéèrè, kí wọ́n dán wọn wò nídìí ibùsùn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Àgbà gbà, Mátíróònù sì gbà láti sùn bí aláìsàn. Obìnrin gíga ni Mátíróònù, ẹsẹ̀ wọn yọ lórí ibùsùn. Ọ̀pọ̀ ti ṣe tiwọn tán kó tó kan Bàbá Kẹ̀kẹ́. Dókítà ní, "I want her to lie still. Don't let her get up." Ó rìn lọ sí ìdí fèrèsé.

Àfi bí fóònù ṣe dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan yọjú. "Mátíróònù, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè o!"

Kì í ṣe ara ìdánwò. Mátíróònù gbàgbé pé ara wọn ò yá. Wọ́n ju aṣọ ìbora sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Kẹ̀kẹ́ gbé ọwọ́ lé wọn léjìká.

"Bàbá, fóònù mi ni lóòótọ́, ẹ jẹ́ n lọ."

Ọwọ́ náà fẹ́ kúrò, wọ́n dá a padà. Ọ̀gá Àgbà la ẹnu láti sọ pé kí wọ́n fi Mátíróònù sílẹ̀ ná. Màmá gbé ìka sókè sí Ọ̀gá Àgbà bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí bàbá ṣe é."

Bàbá Kẹ̀kẹ́ ní, "Mátíróònù wa, ọ̀gá mi, ẹ má bínú sí mi o." Wọ́n wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ketekete: "Doctor told me to make you lie still, Ma. I cannot let you go."

"Èmi ni mo gbà yín síṣẹ́ o!"

"Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí, Mà. Ẹ padà sùn."

Ọwọ́ wọn kò kúrò. Mátíróònù wo ọwọ́ náà, wọ́n wo ojú Bàbá Kẹ̀kẹ́, wọ́n sì padà sùn. Fóònù dún títí, ó sú u, ó dákẹ́. Dókítà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n na ọwọ́ sí Bàbá Kẹ̀kẹ́, wọ́n bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. A ò ní parọ́ pé gbogbo ènìyàn ló yege. Ẹni méjì kò yege. Màmá bá wọn bẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé wọn lọ sí ọgbà òdòdó, àwọn méjèèjì sì ń wá kíláàsì títí wọ́n fi yege. Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Ọ̀gá Àgbà ní kí kíláàsì máa wà lọ, kí ó sì wà lára wákàtí iṣẹ́. Ìyá arúgbó náà pẹ́ kí wọ́n tó fi ọ̀pá rìn. Bàbá Kẹ̀kẹ́ ló ń tì wọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìrìn. Ìyá náà bú wọn lójoojúmọ́, Bàbá Kẹ̀kẹ́ ń dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lójoojúmọ́, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n ṣubú mọ́.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 1993. Ṣùgbọ́n wọn ò fi kíláàsì sílẹ̀ títí eékún fi kọ̀ fún wọn. Àwọn tó ti ọwọ́ wọn jáde di nọ́ọ̀sì, wọ́n di ọ̀gá ní yàrá oògùn, wọ́n di ìyá àti bàbá àwọn tó di dókítà. Inú wa dùn sí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì náà wà nínú àwọn tí Màmá máa ń fi yangàn.

Nínú ìjọ, Màmá ni olórí àwọn tó ń ka Bíbélì. Ohùn wọn máa ń dé ẹ̀yìn láìlo ẹ̀rọ. Wọn ò fẹ́ àdúrà gígùn. Bí ẹnì kan bá ń gbàdúrà tí ó pẹ́ jù, wọ́n á ṣe "Àmín" sí i láàárín. Wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́, kí onítọ̀hún jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ tiẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn jinlẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́, àwa ọmọ wọn la mọ iye aláìsàn tí kò ní ará tí wọ́n ń lọ jókòó tì.

Ládùúgbò, àwọn ni wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi títí ìjọba fi gbé e wá. Tọkọtìyàwó tó bá ń jà á wá sílé wọn, Màmá á sì ní kí ọ̀kan dákẹ́ kí èkejì sọ̀rọ̀ délẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà ló parí níbẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n bá fún ní àyè láti sọ̀rọ̀ délẹ̀ máa ń gbọ́ ara rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó rọrùn láti bá wọn gbé. Ọmọ tó bá béèrè ohun tí ó lè fúnra rẹ̀ wá, kò ní rí ìdáhùn. Àkọ́bí wọn há sórí igi nígbà kan, Màmá gbé àga sábẹ́ igi náà, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣàlàyé ẹ̀ka tó kàn fún un títí ó fi sọ̀. Ó sunkún, inú bí i, àmọ́ ó sọ̀. Òun ló kọ́kọ́ di nọ́ọ̀sì nínú ìdílé wa.

Ọkàn ló da Màmá láàmú ní ọdún méjì tó kẹ́yìn. Wọ́n sùn ní ọ̀sán ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 2021, nínú yàrá wọn, àwọn ọmọ wọn wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi àbúrò wọn tó ń lu gbàǹjo sílẹ̀. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: àkọ́bí obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ awakọ̀ tírélà, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, àti àbíkẹ́yìn ọkùnrin tó jẹ́ oníná bíi ti bàbá rẹ̀. Wọ́n fi àwọn ìyàwó ọmọ àti ọkọ ọmọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àtọmọdọ́mọ mẹ́ta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀, a ò lè kà wọ́n. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ jókòó ti ọ̀kan.

Kékeré ló ń kọ́ kíláàsì náà báyìí. Òun náà ti di ìyá àgbà, orúkọ yẹn kò sì fi í sílẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá, ó ní, "Mà, bí ọjọ́ náà bá dé, ṣé ká ti kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan, láti fi bọlá fún yín?"

Màmá wò ó. "Àwọn aláìsàn ti gbà láti dúró dè yín lọ́sẹ̀ kan?"

"Rárá, Mà."

"O ò wá gbọ́ ohun tó o ń sọ."

Ìdí nìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìsìn òní ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni òní. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa Màmá, a bẹ̀ yín, ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ ṣókí, nítorí Kékeré àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé yàrá ìlọṣọ kó tó di agogo mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun méje ló ń bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ Màmá rí.

Màmá wa, ẹ sùn ire. Kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára. Kí Ẹni tó rán yín wá gbà yín padà tayọ̀tayọ̀. Ẹ má ṣe wẹ̀yìn, iṣẹ́ ń lọ.